Sherlock Holmes Lójú Sinimá, àti Ohun tí Àpápá òun Ajégúnlẹ̀ Lè Rí Kọ́ Níbẹ̀

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé òun gan-an ni gbòǹgbò irú ìtàn kan tí àwọn Òyìnbó fẹ́ràn púpọ̀, tí àwa náà sì ti ń kọ ní èdè wa láti nǹkan bí ọdún 1969, èyíinì ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìwà ọ̀daràn kan ṣẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti pinnu ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ní kí wọ́n ní sùúrù, kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀, kí a wo bàtà, kí a wo ọwọ́, kí a gbọ́ tẹnu olúkúlùkù, kí a tó dájọ́.

Nínú gbogbo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí a ti kọ sínú ìwé, kò sí èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti Sherlock Holmes tí Arthur Conan Doyle dá. Ìwé ìtàn gígùn mẹ́rin àti ìtàn kúkúrú 56 ni Doyle kọ nípa rẹ̀ láàrin ọdún 1887 àti 1927. Láti ọdún 1900 ni wọ́n sì ti ń gbé e sójú sinimá, wọn kò sì tí ì dẹ́kun títí di òní olónìí. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi díẹ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí wé ara wọn, kí a lè mọ èyí tí ó gbé ọkùnrin náà jáde àti èyí tí ó gbé fìlà rẹ̀ nìkan jáde. Mo sì fẹ́ kí a dúró ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Ìdí rẹ̀ ni pé okùn kan wà tí ó so ẹni tí ó dá Sherlock Holmes pọ̀ mọ́ omi Èkó. Àti pé èbúté, níbi tí àjèjì àti onílé ti ń fi ojoojúmọ́ pàdé, ni ibi tí ó rọrùn jù láti fura sí ọmọlàkejì láìní ẹ̀rí.

Dókítà ọkọ̀ Mayumba

Ní ọdún 1881, Doyle ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh. Ọmọ ọdún 22 ni. Ó gba iṣẹ́ dókítà nínú ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Mayumba, tí ó ń ná ọjà láti Liverpool dé etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ọkọ̀ dé Èkó, ibẹ̀ ni ibà sì ti dá dókítà wó. Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí-ayé ara rẹ̀ ní ọdún 1924, ó ṣàlàyé pé ọjọ́ mélòó kan ni òun fi bá ikú wọ̀jà, tí kò sí dókítà mìíràn tí yóò tọ́jú dókítà, àti pé ẹlòmíràn tí irú ibà kan náà mú nígbà náà kú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ní 1887, ni ìwé Holmes àkọ́kọ́, A Study in Scarlet, jáde. Bí ikú bá ti mú Doyle lọ ní omi Èkó, ayé kì bá tí gbọ́ orúkọ Sherlock Holmes rárá.

Ó yẹ kí òǹkàwé rántí irú Èkó tí ó wà nígbà náà. Òkìtì iyanrìn tí ó wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba gbé ògiri òkúta wọnú òkun kí ọ̀nà tó là. Láàrin ọdún 1920 sí 1929 ni wọ́n sì kọ́ wọ́ọ̀fù Àpápá, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń pàdé ọkọ̀ òkun. Nítorí náà Àpápá tí àwa mọ̀ lónìí kò sí nígbà tí Doyle ń gbọ̀n nínú ibà.

Ilẹ̀ Àpápá pàápàá ní ìtàn ìwádìí tirẹ̀. Ní 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ níbẹ̀. Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa pe ẹjọ́, nítorí pé ìdílé oyè Olúwa ni ilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ tí ó wà nílé kò gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà kún tó bí ó ti wí. Ó gbé ẹjọ́ náà kọjá òkun lọ sí iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní London, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921 ni ó jàre. Àwọn adájọ́ náà kò fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan wo ọ̀rọ̀. Wọ́n béèrè bí àwọn onílẹ̀ ti ń ní ilẹ̀ ní ìṣe tiwọn, wọ́n sì ka àbọ̀ ìwádìí tí adájọ́ àgbà kan ti ṣe lórí ìṣe náà ní 1898. Ẹ̀rí ni ó dá Àpápá láre. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń tẹ̀ síwájú.

Kì í ṣe pé Doyle mọ iyì ènìyàn dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá nípa àwọn ará etí òkun wa nígbà ìrìn-àjò náà. Ṣùgbọ́n ní ìrìn-àjò kan náà ni ó pàdé Henry Highland Garnet ní Monrovia, ọkùnrin dúdú tí a bí sínú oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, tí ó wá di aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Làìbéríà. Ìmọ̀ ọkùnrin yìí yà á lẹ́nu, ó sì yìn ín. Ní 1909 Doyle kọ odidi ìwé láti tú àṣírí ìwà ìkà tí wọ́n hù ní Kóńgò. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú ìtàn Holmes rí: nínú ọ̀kan tí ó jáde ní 1893, baba Òyìnbó kan gbé ọmọbìnrin dúdú tí ìyàwó rẹ̀ ti bí síwájú mọ́ra bí ọmọ ara rẹ̀, nínú òmíràn tí ó jáde ní 1926, ọkùnrin dúdú kan ni wọ́n fi ṣẹ̀sín láìnídìí. Ẹni tí yóò gbé ìwé Doyle sójú sinimá lónìí ní láti mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀.

Ìtàn kan tún wà tí ó jáde ní 1910, The Adventure of the Devil's Foot. Ní Cornwall, àwọn ènìyàn kú lójijì, ìpayà sì wà lójú òkú wọn. Àwọn ará ìlú ní iṣẹ́ Bìlísì ni. Holmes ṣe ìwádìí, ó sì rí i pé èéfín gbòǹgbò igi kan ni, èyí tí ọdẹ ajẹ́ran-ńlá kan mú wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ìwé náà sọ pé àwọn oníṣègùn ibẹ̀ fi ń dán àwọn tí a fura sí wò. Gbòǹgbò náà kò sí láyé, Doyle ni ó dá a. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ ọ́ wà: èso èsèré ti ilẹ̀ Kàlàbá, tí wọ́n máa ń fún ẹni tí a fura sí jẹ, tí wọ́n ní bí ó bá kú, ó jẹ̀bi, bí ó bá bì í, ó mọ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: májèlé tí a fi ń ṣe ìdájọ́ láìwá ẹ̀rí ni Doyle mú, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀rí tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi mọ òtítọ́.

Fìlà àti ìkòkò tábà

Sinimá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nípa Holmes, ní 1900, kò gùn tó ìṣẹ́jú kan. Láti ìgbà náà ni fìlà olétí méjì, tí ó dà bí abetí-ajá wa, àti ìkòkò tábà tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀, ti di àmì tí gbogbo ayé fi ń mọ̀ ọ́n. Ayàwòrán tí ń jẹ́ Sidney Paget ni ó sọ fìlà náà di ti Holmes nínú àwòrán ìwé ìròyìn. Òṣèré William Gillette, tí ó ṣe eré rẹ̀ lórí ìtàgé ní 1899, ni ó sọ ìkòkò ọlọ́rùn títẹ̀ di ti ẹnu rẹ̀. Èyí ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Ohun tí gbogbo ènìyàn fi ń dá ọkùnrin náà mọ̀, àwọn ẹlòmíràn ni ó wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tí ó bá ra fìlà nìkan kò tí ì ra orí.

Láàrin 1939 àti 1946, Basil Rathbone ṣe Holmes nínú sinimá 14, Nigel Bruce sì ṣe Dókítà Watson. Méjì àkọ́kọ́ wà ní ìgbà ayé ọba-bìnrin Victoria, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí. Ṣùgbọ́n láti 1942 ni ilé-iṣẹ́ Universal ti mú Holmes wọ ìgbà ogun Hitler, tí ó ń lépa àwọn amí Jámánì nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Nítorí náà àwọn tí ó rò pé ìgbà tiwa yìí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Holmes láṣọ ìgbàlódé ṣìnà. Ó ti lé ní 80 ọdún. Rathbone dára púpọ̀. Àbùkù ibẹ̀ ni pé wọ́n sọ Watson di òpònú. Nínú ìwé, Watson jẹ́ oníṣègùn àti jagunjagun, ọlọgbọ́n ènìyàn tí kò kàn ní ojú Holmes. Òun ni ẹlẹ́rìí wa, nítorí pé òun ni ó ń sọ ìtàn fún wa. Bí ẹlẹ́rìí bá ya òpònú, kí ni ẹ̀rí rẹ̀ tó?

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Granada ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un ṣe. Láti 1984 sí 1994, Jeremy Brett ṣe Holmes nínú apá 41, ní ìgbà àtijọ́ tí Doyle kọ ọ́ sí. David Burke ni ó kọ́kọ́ ṣe Watson, Edward Hardwicke sì gba a lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì dá làákàyè Watson padà fún un. Nígbà tí wọ́n ṣe ìtàn gbòǹgbò ilẹ̀ wa tí mo mẹ́nu bà lókè ní 1988, wọ́n fi ohun kan kún un tí kò sí nínú ìwé: Holmes, tí ó ti máa ń fi abẹ́rẹ́ gún kokéènì sára, bo abẹ́rẹ́ náà mọ́ inú iyanrìn etí òkun. Wọ́n yà kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò yà kúrò nínú ìwà ọkùnrin náà.

Ní 2009 ni Guy Ritchie gbé tirẹ̀ jáde, tí Robert Downey jẹ́ Holmes, tí Jude Law sì jẹ́ Watson. Ìjà àti ìbúgbàù pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí àwọn olùfẹ́ Doyle ti fẹ́ lọ. Síbẹ̀ ó pa òfin ńlá kan mọ́. Ọ̀daràn inú rẹ̀ ń ṣe bí oṣó, ó ṣe bí ẹni pé ó jí dìde kúrò nínú ikú, ìlú sì wárìrì. Nígbà tí ó yá, Holmes ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan gbogbo idán náà, ó fi hàn pé oògùn olóró àti ẹ̀rọ ni.

Holmes inú fóònù

Ní 2010 ni BBC bẹ̀rẹ̀ eré Sherlock, tí Steven Moffat àti Mark Gatiss dá sílẹ̀. Benedict Cumberbatch ni Holmes, Martin Freeman ni Watson, London òde òní ni wọ́n sì ń gbé. Ohun ìyanu àkọ́kọ́ ni pé wọn kò ní láti yí ìtàn Watson padà púpọ̀: ní 1887 ó ti ogun Afghanistan dé pẹ̀lú ọgbẹ́; ní 2010 náà ó ti ogun Afghanistan dé pẹ̀lú ọgbẹ́. Ayé yí, ogun kò yí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ibì kan wé ibì kan. Nínú The Sign of Four, ìwé ọdún 1890, Watson fún Holmes ní aago àpò kan. Holmes rí lẹ́tà tí wọ́n fín sí i lẹ́yìn, ó rí nọ́ńbà tí àwọn tí ń gba nǹkan ẹni ṣe ìdógò máa ń ha sínú aago, ó sì rí àpá ní eteetí ihò tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ láti fi wín in. Ó ní ẹ̀gbọ́n Watson ni ó ni aago, ọ̀mùtí ni, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lóru nígbà tí ó bá ń wín in. Nínú eré ọdún 2010, fóònù ni Watson mú lọ́wọ́, àpá náà sì wà ní eteetí ihò tí wọ́n ń ki wáyà iná bọ̀. Ọgbọ́n kan náà ni, irin-iṣẹ́ nìkan ni ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan kan kún un tí mo rò pé ó sàn ju ti Doyle lọ: orúkọ Harry ni ó wà lára fóònù, Holmes sì ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni, Watson wá jẹ́ kí ó mọ̀ pé Harriet ni, obìnrin. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ojú rẹ̀ mú jù láyé fi ohun tí kò rí dí àlàfo, ó sì ṣìnà.

Wọ́n tún fi irú eré bẹ́ẹ̀ bá àwọn tí ó ti ka ìwé ṣe. Nínú ìwé 1887, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ Rache sí ara ògiri. Ọlọ́pàá ní Rachel ni ẹni náà fẹ́ kọ. Holmes ní rárá, èdè Jámánì ni, ẹ̀san ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní 2010 wọ́n yí i po: ẹlòmíràn ni ó ní èdè Jámánì ni, Holmes ni ó ní Rachel ni. Ẹni tí ó há ìwé sórí kò rí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀; ó ní láti wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Títí tí eré náà fi parí ní 2017, apá 13 ni ó jẹ́. Lójú tèmi, àwọn apá ìbẹ̀rẹ̀ ni ó dára jù. Ní ìgbẹ̀yìn, Holmes di ẹni tí ń mọ ohun gbogbo láìjẹ́ pé àwa òǹwòran rí ọ̀nà tí ó gbà mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ti ń mọ nǹkan láìfi ọ̀nà hàn, ó ti di aláfọ̀ṣẹ, ìtàn rẹ̀ sì ti di ìtàn mìíràn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe tiwọn láti 2012 sí 2019, apá 154, wọ́n pè é ní Elementary. Jonny Lee Miller ni Holmes; ó ń gbé ní New York, ó sì ń gbìyànjú láti bọ́ lọ́wọ́ oògùn olóró. Watson di obìnrin, Joan, tí Lucy Liu ṣe; oníṣègùn tí ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbà á láti máa ṣọ́ Holmes kí ó má baà padà sí ìdí oògùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó kọ́ iṣẹ́ náà, títí ó fi di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀. Ọlọ́pàá dúdú kan, Marcus Bell, ń bá wọn ṣiṣẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Orúkọ rẹ̀ sì mú wa rántí Joseph Bell, olùkọ́ Doyle ní Edinburgh, ẹni tí Doyle wò ṣe àwòṣe nígbà tí ó ń dá Holmes. Ní 2018, wọ́n ṣe Miss Sherlock ní Tokyo, níbi tí Holmes àti Watson méjèèjì ti jẹ́ obìnrin, ọmọ Japan.

Bí a bá wá kó gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n, a ó rí i pé ìgbà, ìlú, àwọ̀ ara, akọ tàbí abo, kò sí èyí tí ó ba Holmes jẹ́ nínú wọn. Ohun méjì ni ó gbé e ró. Èkíní ni pé ó ń ka ìlú rẹ̀ bí ìwé, ó sì ń jẹ́ kí àwa náà rí lẹ́tà tí ó ń kà. Èkejì ni ọ̀rẹ́ olóòótọ́ kan tí kì í ṣe òpònú, tí ó ń béèrè, “Báwo ni o ṣe mọ̀?” Níbi tí méjèèjì bá wà, eré náà dúró. Níbi tí ọ̀kan bá ti kúrò, fìlà nìkan ni ó kù.

Bí a ti lè ka Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Nínú The Sign of Four kan náà, Holmes wo amọ̀ pupa lára bàtà Watson, ó sì mọ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó lọ, nítorí pé níwájú ilé náà nìkan ni wọ́n ti ń wú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ìlú wo ni ó tún ṣe é kà bẹ́ẹ̀ ju Àpápá lọ? Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà níbẹ̀ ní 1962 ni ẹ̀rù funfun rẹ̀ ti ń bà sára àwọn òṣìṣẹ́. Ti ṣúgà ń lẹ̀, ti sìmẹ́ǹtì ń gbẹ sí ìka ọwọ́, ti epo bẹntiróòlù kì í tètè kúrò lára aṣọ. Awakọ̀ àjàgbé tí ó ti sun ọ̀pọ̀ oru sórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà èbúté ní ìrìn tirẹ̀; kódà lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ èbúté ti gbé ètò ìpe-ọkọ̀ orí kọ̀ǹpútà jáde ní 2021, tí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ ní “Ètò”, ìwé tí ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ ń sọ ọjọ́ àti wákàtí. Ẹni tí ó bá lójú, ọkùnrin kan kò lè ti ẹnu iṣẹ́ dé ilé kí ó má sọ ibi tí ó ti ń bọ̀ láìya ẹnu.

Ibi tí púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ń padà sí ni Ajégúnlẹ̀, ní ìkángun Àpápá. Orúkọ rẹ̀ ń sọ ìtàn rẹ̀: ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀. Bí èbúté ti ń gbòòrò ni àwọn ènìyàn ń dé, Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ́, Úrhòbò, Ìgbò, Haúsá, àti àwọn mìíràn, tí wọ́n ń gbé yàrá sí yàrá, tí ògiri kan ń bá èdè mẹ́ta sọ̀rọ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní láti ní etí gẹ́gẹ́ bí ó ti ní ojú. Ó ní láti mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ará Ìlàjẹ àti ti ará Ẹ̀gbá, kí ó sì mọ ìgbà tí ènìyàn fi Gẹ̀ẹ́sì adàmọ̀dì bo ibi tí ó ti wá mọ́lẹ̀.

Holmes tún ní àwọn ọmọdé ìgboro kan tí ń bá a wádìí kiri. Ó ń san owó fún wọn, ó sì mọ̀ pé wọ́n lè wọ ibi tí ọlọ́pàá kò lè wọ̀. Eré 2010 sọ wọ́n di àwọn tí kò nílé lórí ní London. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní London ìgbà náà, bí àwọn ọlọ́rọ̀ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, olè ni wọ́n ń pè é. Doyle sọ ọ́ di ojú òfin. Bákan náà ni orúkọ Ajégúnlẹ̀ ti rí létí àwọn kan: bí nǹkan bá sọnù ní Àpápá, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ náà ni Samson Siasia ti gbá bọ́ọ̀lù dàgbà kí ó tó gbá a fún Nàìjíríà, ibẹ̀ náà ni Daddy Showkey ti fi orin àti ijó galala dé ọ̀dọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Orúkọ àdúgbò kì í ṣe ẹ̀rí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti kọjá eré ìdárayá. Kò sí ará Èkó tí kò tí ì gbọ́ bí wọ́n ti ń pariwo “Olè!” lé ènìyàn lórí, tí èrò á pé lé e, tí igi, òkúta àti táyà á sì ṣe ìdájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ó jí. Ẹni tí ó kú kò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Èsèré àtijọ́ ni èyí, tí a pààrọ̀ èso fún táyà. Àwọn méjèèjì ń pa ènìyàn kí a tó mọ òtítọ́. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ọmọdé fi ń kọ́ pé ẹni tí gbogbo ènìyàn ń nàka sí lè ṣàìjẹ̀bi. Ní ojú-ìwé àádọ́ta, òǹkàwé ti dá ẹnìkan lẹ́bi. Ní ojú-ìwé ọgọ́rùn-ún, ojú tì í. Ìtìjú yẹn ni ẹ̀kọ́ náà.

Àwọn tiwa ńkọ́?

A kò ṣaláìní. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún wa ní Lápàdé nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó sì tún mú un padà nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí, Ìbàdàn ni ó mọ̀ bí ẹní mọ owó, Tàfá Ìgìripá sì ni ẹnìkejì rẹ̀. Kì í ṣe ará Baker Street tí ó jókòó ti iná. A ń nà án, òun náà ń na ènìyàn, ẹnu rẹ̀ kò sì gbẹ fún òwe àti ẹ̀fẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé fún wa ní Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ní 1971 àti Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976; ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, Akin Olúṣínà, ni ó sún mọ́ Holmes jù, nítorí pé ìbéèrè àti ìrònú ni ohun ìjà tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti pín ipa ọ̀nà àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni wọ́n fi wo ìlú: pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó, yóò rí òtítọ́ rẹ̀.

Gbígbé ìwé Yorùbá sójú sinimá náà kì í ṣe ohun tuntun. Láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ni wọ́n ti ṣe Ìjà Òmìnira ní 1979. Túndé Kèlání ṣe Kòṣeégbé ní 1995 àti Ó Le Kú ní 1997 láti inú iṣẹ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ṣùgbọ́n ní ti bí a ṣe ń mọ ọ̀daràn, ọ̀nà mìíràn ni púpọ̀ nínú sinimá wa àtijọ́ tọ̀. Nínú Ayé tí Hubert Ògúndé ṣe ní 1979, agbára babaláwo ni ó ń borí àwọn ẹni ibi. Ògúndé mọ ohun tí ó ń ṣe, ìjà rere àti búburú ni ó ń sọ, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ ni bí gbogbo eré bá rí bẹ́ẹ̀, tí òǹwòran kò rí ibì kan tí wọ́n ti fi ẹ̀rí mú ọ̀daràn rí. Ìdí nìyí tí October 1 tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2014 fi ṣe pàtàkì. Ọlọ́pàá ará Òkè Ọya kan ni wọ́n rán wá sí ìlú Yorùbá kan ní 1960, nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, láti wá ẹni tí ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Kò gbọ́ èdè, kò mọ ìdílé, ó ní láti béèrè kí ó tó mọ̀. Kì í ṣe inú ìwé kan ni wọ́n ti mú ìtàn náà, síbẹ̀ ìwà Holmes wà nínú rẹ̀ ju inú ọ̀pọ̀ eré tí ó dé fìlà Holmes lọ.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ẹ̀tọ́ àwọn oní-ǹkan lórí ìtàn Holmes tí ó gbẹ̀yìn ti parí ní Amẹ́ríkà. Ó ti parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè mú un wá sí Àpápá lọ́la láìtọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n èmi yóò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìmọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ ka Lápàdé àti Akin Olúṣínà. Bí ó bá gbé ọ̀kan nínú wọn wá sí èbúté, kí ó má ṣe sọ ọ́ di aláfọ̀ṣẹ, kí ó má ṣe sọ Tàfá di òpònú, kí ó jẹ́ kí a rí ìyẹ̀fun lára àpá aṣọ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó sọ̀rọ̀, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan wà lára àwọn tí ó tú àṣírí, dípò kí ó jẹ́ ẹni tí wọ́n mú nìkan.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, iṣẹ́ tiyín kò ní láti dúró de sinimá. Ẹ fún àwọn ọmọ ní Owó Ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n kà á dé ìdajì, kí olúkúlùkù kọ orúkọ ẹni tí ó fura sí sínú ìwé, kí ó sì kọ ẹ̀rí tí ó ní sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ka ìyókù. Ọmọ tí ó bá rí i pé orúkọ ni òun kọ, tí òun kò rí ẹ̀rí kankan kọ sábẹ́ rẹ̀, yóò rántí ọjọ́ náà nígbà tí ó bá gbọ́ “Olè!” ní ìgboro.